Àmù Iná

Ní Mọ̀pà, lẹ́yìn ọjà, níbi tí mo ti ń gbowó
lọ́wọ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kú,
Ibíwùmí àbúrò mi gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí bíà,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wá wo ìlú tí mo tẹ̀ dó."

Ìlú kẹ̀? Igba ẹ̀kán tíntìntín ni mo rí lójú dígí,
bí èèrà tí òjò ká mọ́ orí àwo.
Kò sí baálẹ̀ nínú wọn, kò sí tíṣà,
wọn ò ní ìyá.
Ohun kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, kò sì lórúkọ.

Bí méjì bá pàdé, ọ̀kan á pe nǹkan náà lórúkọ.
Bí èkejì ò bá gbọ́ ọ rí, á kó o sápò.
Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì á da ìyókù nù,
wọ́n á di ẹyọ yẹn mú, wọ́n á yà.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ariwo tí kò dún bẹ́ sílẹ̀:
pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ kajú tó pọ́n,
oníkálùkù ń sọ tirẹ̀.
Mo ní èyí ò ní í yanjú.
Mo lọ bu epo sínú jẹnẹrétọ̀,
mo gba ọgọ́rùn-ún náírà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan,
kí n tó padà, dígí ti pupa láti etí dé etí.
Ta ló pàṣẹ?

Ìgbà yẹn ni mo rántí.
Ọdún tí bátìrì pẹlẹbẹ tí ń fún fóònù níná
kọ́kọ́ wọ̀lú, ta ló mọ ohun tí à ń pè é?
Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀ ní bíríkì. Àwọn ọmọ Ìsánlú ní àpò iná.
Obìnrin Kábà kan tó ń ra kajú ní àmù,
nítorí inú àmù là ń pọnmi sí kí ọ̀dá tó dé.
Èmi náà ní tèmi.
Lọ́jọ́ kan mo gbórí sókè,
gbogbo ẹnu tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ń wí pé àmù.
Èwo wá ni orúkọ tí èmi fún un?
Mo wá a títí, n kò rí i.

Bóyá báyìí náà ni Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ́rọ̀
ṣe ń pàdé lọ́nà oko, ohùn ọ̀tọ̀ lọ́fun kálukú,
títí "òkun" fi di ìkíni,
tí ìkíni sì di orúkọ wa.

Mo ní, "Àwọn tí wọ́n dà nù ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń lọ?"
Ibíwùmí ní, "Wọn ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ ti pa wọ́n rẹ́."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iṣu.

Yèyé Abọ́sẹ̀dé ò gbà.
Láti ọjọ́ kìíní, "ọlọ́mú" ló ń pè é,
torí fóònù á so mọ́ ọn láyà, á máa fà á títí yóò fi yó.
A rẹ́rìn-ín, a bá a wí, kò yí.
Àbúrò mi bá fi ẹ̀kán kan sílùú, ẹ̀kán tí kì í yí ohùn padà,
ó sọ ọ́ ní Yèyé. Pupa gbé e mì.
Ó fi mọ́kàndínlógún kún un. Ogún olóríkunkun!
Kí n tó ka wáyà tán, gbogbo ìlú ti gba àwọ̀ Yèyé.

Ibíwùmí hó yèè. Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé
tí Yèyé gan-an fọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé:
"Gba ọlọ́mú mi, ebi ń pa á."
Mo ní, "Yèyé, òkun o. Ọlọ́mú á yó."
Ọlọ́kadà tó tẹ̀ lé e bèèrè àmù rẹ̀,
mo na àmù rẹ̀ sí i.

Ibíwùmí ń wò mí. Ó pa ìlú rẹ̀ dé,
ó tún ṣí i, ó ń họrí.
"Ẹ̀gbọ́n, n kò kọ ìyẹn sófin wọn,
kéèyàn máa wojú ẹni kó tó mọ èyí tí yóò pè."